ÀROKÒ INÚ MÍTÀ: Lámèyítọ́ lórí Ìkéde Ìmúdójúìwọ̀n Mítà Iná ní Kado

Lámèyítọ́ kì í ṣe ti ewì, ìtàn àròsọ àti eré onítàn nìkan. Ìkéde pàápàá jẹ́ iṣẹ́ èdè. Ó ní ẹni tí ó gbé e jáde, ó ní ẹni tí wọ́n darí rẹ̀ sí, ó sì ní èrò tí ó fẹ́ gbìn sí ọkàn ẹni tí ó bá gbọ́ ọ. Bí ó bá kùnà nínú èyí, ó yẹ kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti ń yẹ ewì tí kò yọrí wò. Ìkéde tí àyẹ̀wò yìí dá lé lórí ni èyí tí ó gba orí fóònù àti inú ìwé ìròyìn kan ní ọdún 2024, tí ó ń pàṣẹ fún gbogbo ẹni tí ó ń lo mítà iná alásansílẹ̀ pé kí wọ́n ṣe ìmúdójúìwọ̀n mítà wọn kí ó tó di ọjọ́ 24 oṣù kọkànlá ọdún náà.

Àdúgbò Kado ní Àbújá ni àyẹ̀wò yìí fi ṣe òdiwọ̀n, nítorí pé ibẹ̀ fi bí ọ̀rọ̀ náà ti díjú tó hàn kedere. Kado Estate wà níbẹ̀ pẹ̀lú àwọn ilé rẹ̀ tí ó tò lọ bẹẹrẹ. Kado Kuchi wà níbẹ̀, níbi tí àwọn Gbagyi, àwọn tí ó ni ilẹ̀ kí Àbújá tó di olú-ìlú, ṣì ń gbé. Ọjà ẹja tí òkìkí rẹ̀ kàn ká gbogbo Àbújá wà níbẹ̀ pẹ̀lú, èdè tí wọ́n fi ń ná ọjà níbẹ̀ kì í sì í ṣe ọ̀kan. Ilé-iṣẹ́ tí ń pín iná fún wọn, èyíinì AEDC, ni ó tún ń pín in fún ìpínlẹ̀ Niger, Nasarawa àti Kogi. Ìpínlẹ̀ Kogi yìí ni Kabba, Mopa, Ìsánlú àti Ẹ̀gbẹ̀ wà. Nítorí náà, èdè Yorùbá kì í ṣe àlejò láàárín àwọn oníbàárà ilé-iṣẹ́ náà, ìbáà jẹ́ ní Kado, ìbáà jẹ́ ní òkè odò.

Ní ìlú òyìnbó, ọ̀pọ̀ ilé ni ó ti ní ẹ̀rọ tí ń gbọ́ ohùn onílé. Onílé á sọ̀rọ̀, gílóòbù á tàn. Onílé á jáde, ilẹ̀kùn á ti ara rẹ̀. Ní ọ̀pọ̀ ilé ní Kado, ẹ̀rọ tí ó sún mọ́ irú èyí jù lọ ni mítà alásansílẹ̀. Òun nìkan ni ó ń dá ìpinnu ṣe nínú ilé láìbi ẹnikẹ́ni léèrè. Àwọn tí ó ti dàgbà rántí òṣìṣẹ́ NEPA tí ń gbé àkàbà kiri ojúlé. Bí ó bá dé láti já iná, onílé lè bẹ̀ ẹ́, ó lè bá a jà, ó sì lè ní kí ó padà wá lọ́la. Mítà kò gba ẹ̀bẹ̀, kò sì mọ ọ̀la. Bí ẹ̀rọ bá ní irú agbára báyìí nínú ilé ènìyàn, ọ̀rọ̀ tí wọ́n bá sọ nípa rẹ̀ kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré.

Kí ẹnikẹ́ni tó lè dá ìkéde náà lẹ́jọ́, ó yẹ kí iṣẹ́ mítà náà kọ́kọ́ yé e. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990 ni wọ́n ṣe ìlànà tí àwọn mítà wọ̀nyí ń tẹ̀lé, tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ STS, ní orílẹ̀-èdè South Africa. Bí ènìyàn bá ra iná, nọ́ńbà 20 ni yóò gbà, èyí tí àwọn ará àdúgbò ń pè ní káàdì tàbí tókìn. Ohun méjì pàtàkì ni ó fara pamọ́ sínú nọ́ńbà náà. Èkíní ni ìwọ̀n iná tí ó rà. Èkejì ni àkókò tí wọ́n tà á fún un. Ìṣẹ́jú ni wọ́n fi ń ka àkókò yìí, láti ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 1993. Ṣùgbọ́n àyè tí wọ́n fi sílẹ̀ fún òǹkà náà kò gbà ju ìṣẹ́jú 16,777,216 lọ, èyí tí ó tó ọdún 32 ó dín díẹ̀. Ọjọ́ tí àyè náà yóò kún ni ọjọ́ 24 oṣù kọkànlá ọdún 2024.

Kí ni ìkún àyè ní í ṣe pẹ̀lú iná? Mítà a máa tọ́jú àmì àwọn káàdì tí wọ́n ti tẹ̀ sínú rẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má baà lo káàdì kan lẹ́ẹ̀mejì. Bí ó bá rí káàdì tí àkókò rẹ̀ ti pẹ́ ju àwọn tí ó ti mọ̀ lọ, yóò kọ̀ ọ́. Nígbà tí òǹkà bá kún tí ó padà sí òdo, káàdì tí ènìyàn bá rà lẹ́yìn náà yóò dà bí káàdì ọdún 1993 lójú mítà. Mítà yóò kọ̀ ọ́, kì í sì í ṣe pé ó bàjẹ́. Iṣẹ́ tí wọ́n kọ́ ọ ni ó ń ṣe.

Ìwòsàn tí wọ́n rí fún un ni ọ̀wọ́ nọ́ńbà méjì, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ nọ́ńbà 20. Bí wọ́n bá tẹ méjèèjì sínú mítà tẹ̀léra, kọ́kọ́rọ́ inú rẹ̀ yóò yí padà, yóò gbàgbé àwọn àmì àtijọ́, yóò sì máa ka àkókò láti ọdún 2014 dípò 1993. Ó yẹ kí lámèyítọ́ yin ohun tí ó tọ́ sí ìyìn. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn mítà wọ̀nyí kò ní ìsopọ̀ kankan pẹ̀lú ilé-iṣẹ́ tí ó gbé wọn kọ́. Síbẹ̀, láìrán òṣìṣẹ́ kan dé ojúlé, wọ́n lè yí ohun tí ó wà nínú wọn padà nípa ọwọ́ ènìyàn tí ó dúró níwájú ògiri pẹ̀lú aṣọ ìsùn lọ́rùn. Ọgbọ́n ńlá ni.

Ibi tí ọgbọ́n náà ti bá àṣà Yorùbá pàdé ni àrokò. Nígbà láéláé, kí ìwé kíkọ tó dé, àwọn Yorùbá a máa fi ohun èlò ránṣẹ́ sí ara wọn. Bí ẹnì kan bá so owó ẹyọ mẹ́fà pọ̀ ránṣẹ́ sí ẹlòmíràn, ohun tí ó ń sọ ni pé ọkàn òun fà mọ́ ọn, nítorí pé ẹẹ́fà ni wọ́n, fífà sì wà nínú ẹẹ́fà. Bí ó bá jẹ́ mẹ́jọ, ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé ọ̀rọ̀ àwọn jọ. Òǹkà lásán kọ́ ni ẹẹ́fà àti ẹẹ́jọ níbẹ̀; ọ̀rọ̀ ni wọ́n. Bákan náà ni nọ́ńbà 20 tí ń ti ilé-iṣẹ́ apínná bọ̀. Ọ̀rọ̀ ni, ẹni tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí nìkan ni ó sì lè tú u. Bí aládùúgbò bá gbé e lọ tẹ̀ sínú mítà tirẹ̀, pàbó ni yóò já sí, nítorí pé kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ kò sí níbẹ̀.

Ṣùgbọ́n nínú àrokò, ẹni mẹ́ta ni ó máa ń wà: ẹni tí ó ránṣẹ́, ẹni tí wọ́n rán, àti ẹni tí wọ́n ránṣẹ́ sí. Ẹni tí wọ́n rán kò ní láti mọ ohun tí ó gbé dání. Ó lè rin ìrìn ọjọ́ mẹ́ta pẹ̀lú owó ẹyọ nínú àpò láìmọ̀ bóyá ìfẹ́ ni òun gbé lọ tàbí ìjà. Ibi yìí gan-an ni àbùkù ìkéde ọdún 2024 ti hàn. Ilé-iṣẹ́ apínná ni ó ránṣẹ́. Mítà ni wọ́n ránṣẹ́ sí. Onílé tí ń sanwó iná, ayálégbé tí ń sanwó ilé mọ́ owó iná, àwọn ni wọ́n sọ di ìránṣẹ́. Wọ́n kó nọ́ńbà 40 lé wọn lọ́wọ́, wọ́n ní kí wọ́n lọ jẹ́ ẹ fún àpótí ara ògiri. Àpótí náà mọ ohun tí wọ́n bá a sọ. Ẹni tí ó ni ilé kò mọ̀.

Àwọn kan lè sọ pé ìkéde náà ṣe àlàyé, ó kàn jẹ́ pé èdè Gẹ̀ẹ́sì ni ó fi ṣe é. Òtítọ́ ni pé àwọn ìkéde kan gbìyànjú. Wọ́n dárúkọ TID, wọ́n dárúkọ KCT, wọ́n sì sọ pé òǹkà kan ń yípo. Ẹni tí ó ka ìwé dé ìpele gíga pàápàá lè ka gbólóhùn bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta kí ó má mọ̀ ju pé nǹkan kan ń bọ̀ wá ṣẹlẹ̀ sí mítà rẹ̀. Òwe sọ pé bí òwe bí òwe là ń lu ìlù àgídìgbo, ológbọ́n ní í jó o, ọ̀mọ̀ràn ní í sì í mọ̀ ọ́n. Ìlù àgídìgbo dára ní ojú agbo. Kò dára níbi tí wọ́n ti ń sọ fún aláboyún pé iná lè kú mọ́ ọn lórí.

Ọ̀rọ̀ tí àwọn tí ó túmọ̀ rẹ̀ ní ẹnu fún ara wọn lò tún yẹ ní àfiyèsí. Àwọn kan pè é ní àtúnṣe. Ẹni tí ó bá gbọ́ àtúnṣe yóò béèrè pé ta ni ó bà á jẹ́, ta ni yóò sì san owó rẹ̀. Àwọn kan pè é ní ìgbéga. Ní ọdún 2024 kan náà, ní oṣù kẹrin, ni owó iná àwọn tí wọ́n wà ní Báǹdì A fò sókè dé ₦225 lórí yúníìtì kan. Bí wọ́n bá wá sọ fún irú ẹni bẹ́ẹ̀ ní oṣù díẹ̀ sí i pé kí ó tẹ nọ́ńbà àjèjì kan kí mítà rẹ̀ lè ga, kò yẹ kí ẹnu ya ẹnikẹ́ni bí ó bá kọ̀ láti tẹ̀ ẹ́. Ìfura kọ́ ni àìmọ̀wé. Ìrírí ni.

Ọ̀rọ̀ kẹta ni ìmúdójúìwọ̀n, èyí tí àwọn tí ń túmọ̀ èdè ẹ̀rọ kọ̀ǹpútà sí Yorùbá ti ń lò. Ó gùn, ọjà kò sì tíì gbà á tán. Ìyá elẹ́ja kò ní sọ pé òun fẹ́ lọ ṣe ìmúdójúìwọ̀n. Síbẹ̀, ó ní ẹwà kan ní ibi yìí tí kò ní níbòmíràn. Mítà gan-an jẹ́ òṣùwọ̀n. Láti mú òṣùwọ̀n dé ojú ìwọ̀n jẹ́ gbólóhùn tí alágbẹ̀dẹ àti oníṣòwò lè lóye, nítorí pé ẹni tí òṣùwọ̀n rẹ̀ bá yẹ̀ mọ̀ pé ó gbọ́dọ̀ mú un bọ̀ sípò. Ibi tí ọ̀rọ̀ náà kù sí ni pé ó fi ẹ̀sùn kan mítà tí kò jẹ̀bi. Mítà kò kúrò lójú ìwọ̀n. Òǹkà àkókò ni ó pé.

Nínú èyí ni àṣìṣe tí ó tóbi jù wà. Àwọn olùtumọ̀ ń wá ọ̀rọ̀-orúkọ kiri, bẹ́ẹ̀ sì ni ọ̀rọ̀-ìṣe ni èdè Yorùbá fẹ́ràn. Kò sí ìdí láti wá orúkọ fún ìyípo òǹkà bí wọ́n bá lè wí pé, "Òǹkà àkókò inú mítà yín ti fẹ́ pé, yóò sì tún bẹ̀rẹ̀." Àwọn Yorùbá mọ òǹkà tí ń pé tí ó sì ń tún bẹ̀rẹ̀. Ọjọ́ mẹ́rin ni ọ̀sẹ̀ àbáláyé. Bí ọjọ́ kẹrin bá pé, òǹkà a tún bọ́ sí ìbẹ̀rẹ̀, àwọn alájàpá a sì gbé ẹrù wọn lọ sí ọjà tí ó kàn. Kò sí ẹni tí ó rò pé ọjà ti kú nítorí pé òǹkà ọjọ́ padà sí ìbẹ̀rẹ̀. Àpèjúwe yìí wà nílẹ̀, ọ̀fẹ́ ni. Ẹni tí ó kọ ìkéde kò mú un.

Ti ìdádúró rẹ̀ kò gba àlàyé púpọ̀. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti ṣe ìlànà náà ni ẹnikẹ́ni tí ó mọ ìṣirò ti lè mọ ọjọ́ tí òǹkà yóò pé. Ayé ti rí irú rẹ̀ rí ní òpin ọdún 1999, nígbà tí ìbẹ̀rù mú gbogbo orílẹ̀-èdè pé àwọn ẹ̀rọ kọ̀ǹpútà kò ní dá ọdún 2000 mọ̀ yàtọ̀ sí 1900. Ní Nàìjíríà, ọdún tí òǹkà yóò pé gan-an ni ọ̀pọ̀ onílé tó kọ́kọ́ gbọ́. Ní South Africa tí ìlànà náà ti ṣẹ̀ wá, ọjọ́ náà pé, mítà tí wọn kò tíì ṣe sì pọ̀ nílẹ̀. Ní Èkó, Ikeja Electric kéde pé irú mítà kan tí ń jẹ́ Unistar kò lè gba ìmúdójúìwọ̀n náà rárá, wọ́n ní láti pààrọ̀ rẹ̀. Àjọ FCCPC tí ń dáàbò bo àwọn òǹrajà sì dá sí i pé oníbàárà kọ́ ni yóò ru ẹrù owó rẹ̀. Àìtètè mólè, olè ń mú olóko. Àmọ́ níbi yìí, kì í ṣe ẹni tí kò tètè mólè ni olè mú; ẹlòmíràn ni.

Ọjọ́ Àìkú ni ọjọ́ 24 oṣù kọkànlá ọdún 2024 bọ́ sí. Ẹ jẹ́ kí òǹkàwé fi ojú inú wo ẹni tí ń fi fíríìsà pa ẹja mọ́ nítòsí ọjà Kado. Ó ra iná ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, mítà kọ̀ ọ́, ó sì fi ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kúkúrú kan hàn lójú rẹ̀. Ọ́fíìsì ti tì. Ó tún un tẹ̀, ó tún kọ̀. Ohun tí ó nílò ní wákàtí náà kì í ṣe ìkìlọ̀, bẹ́ẹ̀ sì ni ìkìlọ̀ ni ọ̀pọ̀ ìkéde fi ṣe orí. Wọ́n ní bí ẹ kò bá ṣe é, mítà yín kò ní gba káàdì mọ́. Ọ̀pọ̀ gbọ́ èyí bí ẹni pé iná ilé wọn yóò kú lọ́gán ní ọjọ́ náà, èyí tí kì í ṣe òtítọ́. Iná tí ó wà nínú mítà tẹ́lẹ̀ kò lọ ibì kankan. Ohun tí ó ṣe pàtàkì jù fún ẹni tí owó rẹ̀ kò pọ̀ ni pé kí ó kọ́kọ́ tẹ káàdì tí ó ti rà pamọ́. Bí kọ́kọ́rọ́ bá ti yí padà, káàdì àtijọ́ ti di òkú nọ́ńbà. Ohun àkọ́kọ́ tí ó yẹ kí ìkéde sọ nìyí. Ìsàlẹ̀ ni ó yẹ kí ìkìlọ̀ wà.

Bí wọ́n bá fẹ́ kí ó yé ará Kado tí ó gbọ́ Yorùbá, ìkéde náà ì bá rí báyìí:

"Ẹ̀yin onílé àti ayálégbé, ẹ kú iṣẹ́ o. Òǹkà àkókò tí ó wà nínú mítà yín yóò pé ní ọjọ́ 24 oṣù kọkànlá, yóò sì tún bẹ̀rẹ̀. Mítà yín kò bàjẹ́. Iná tí ó ṣẹ́kù nínú rẹ̀ kò ní ṣòfò. Bí ẹ bá ní káàdì tí ẹ ti rà tí ẹ kò tíì lò, ẹ kọ́kọ́ tẹ èyí sí i. Nígbà tí ẹ bá tún ra iná, ọ̀wọ́ nọ́ńbà mẹ́ta ni ẹ ó gbà. Ẹ tẹ èkíní, ẹ tẹ èkejì, lẹ́yìn náà kí ẹ tẹ ẹ̀kẹta tí í ṣe iná tí ẹ rà. Ẹ kò ní san kọ́bọ̀ kankan lé e."

Kò sí ọ̀rọ̀ àjèjì nínú rẹ̀ ju mítà, káàdì, nọ́ńbà àti kọ́bọ̀ lọ, mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sì ti di ọmọ ilé. Irú rẹ̀ ni ó yẹ kí ó wà ní èdè Hausa, tí í ṣe èdè ọjà níbẹ̀, àti ní èdè Gbagyi fún àwọn onílẹ̀.

Ìṣòro kan ṣì wà tí ẹ̀ka èdè kò gbọdọ̀ gbójú fò. Orí fóònù ni ìkéde ń gbà wá, àtẹ̀jíṣẹ́ kan tí kò ní àmì ohùn sì gba lẹ́tà 160. Bí wọ́n bá fi àmì ohùn àti àmì ìsàlẹ̀ sí i bí ó ti yẹ, lẹ́tà 70 péré ni yóò gbà, ẹni tí ó fi ránṣẹ́ yóò sì san owó ìlọ́po. Nítorí èyí ni wọ́n fi ń bọ́ Yorùbá sí ìhòòhò lórí fóònù. Ẹ wo gbólóhùn kan ṣoṣo: Ẹ fi ọwọ́ tẹ̀ ẹ́. Bí wọ́n bá yọ àmì rẹ̀ kúrò, "E fi owo te e" ni yóò kù, ẹni tí ó ti ń bẹ̀rù pé wọ́n fẹ́ gba owó lọ́wọ́ òun yóò sì ka owó níbi tí wọ́n ti kọ ọwọ́. Bóyá kí wọ́n fi ohùn sọ ọ́ lórí rédíò tàbí nínú ìpè fóònù ni ó dára jù. Ohùn kì í fi àmì rẹ̀ sílẹ̀ sílé.

Òǹkà tuntun tí ó bẹ̀rẹ̀ láti ọdún 2014 yóò pé ní ọjọ́ 24 oṣù kọkànlá ọdún 2045. Ọmọ ọdún mẹ́fà tí ó wà ní kíláàsì kìíní ní Kado ní ọdún 2024 yóò ti pé ọmọ ọdún 27 nígbà náà. Ọjọ́ Ẹtì ni yóò bọ́ sí.